Ta Ló Ní Àwo Orin Kì í Ṣe Orin?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ràn láti máa sọ, ó sì ti sú mi pátápátá. Wọ́n á ní: "Àwo orin kì í ṣe orin. Òjìji lásán ni. Ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́, kò gbọ́ nǹkan kan." Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á wá mirí bí ẹni pé Sólómọ́nì ló dájọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, irọ́ ni o! Irọ́ ọ̀hún sì ń pa wá lára. Kí n má baà máa sọ̀rọ̀ lófìfo, orin kan péré ni n ó fi ṣe ẹlẹ́rìí mi.

Orin náà ni War Requiem, tí Benjamin Britten, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, 1940, bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ba kàtídírà ìlú Coventry jẹ́. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ tuntun, wọ́n ní kí Britten ṣe orin tí wọn yóò fi ṣí i. Britten kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ogun rárá. Ó mú ọ̀rọ̀ Látìnì tí wọ́n fi ń ṣe Máàsì fún òkú, ó fi ewì Wilfred Owen há a láàárín. Sójà ni Owen. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà tí ogun pa á ní 1918, ó ku ọjọ́ méje péré kí ogun parí. Obìnrin kan àti ẹgbẹ́ akọrin ńlá ló ń kọ Látìnì pẹ̀lú ọ̀kẹ́sítírà. Ọkùnrin méjì ń kọ ewì sójà. Àwọn ọmọdékùnrin ń kọ tiwọn láti òkèèrè, bí ẹni pé ọ̀run ni ohùn wọn ti ń bọ̀.

Britten mọ àwọn tó fẹ́: Galina Vishnevskaya ará Rọ́ṣíà, Peter Pears ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àti Dietrich Fischer-Dieskau ará Jámánì, tó ti ṣe sójà rí, tó sì ti di òǹdè ogun lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Kí ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí ogun ti pọ́n lójú jọ gbohùn sókè nítorí àwọn tó kú, ìyẹn gan-an ni kókó iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ pé, 30 oṣù karùn-ún, 1962, ìjọba Rọ́ṣíà kò jẹ́ kí Vishnevskaya wá. Heather Harper, ọmọ Belfast, ló gba ẹrù náà rù. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló fi kọ́ ọ. N kò ní bu iyì rẹ̀ kù láé. Àmọ́, àwọn tó jókòó sí Coventry lọ́jọ́ náà, tí ẹ ní àwọn nìkan ló gbọ́ orin gidi, ṣé wọ́n gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn Britten? Wọn ò gbọ́ ọ. Àwa náà la ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Oṣù kìn-ín-ní 1963 ni wọ́n tó yọ̀ǹda obìnrin náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wà ní Kingsway Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, Britten fúnra rẹ̀ ń darí, John Culshaw àti àwọn òṣìṣẹ́ Decca ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ẹ̀rọ lásán ni o. Wọ́n fi Vishnevskaya sókè lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n fi àwọn ọkùnrin méjèèjì síwájú. Ó rò pé wọ́n fojú tẹ́ òun ni. Ló bá nà gbalaja sílẹ̀, ó figbe bọnu! Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tí a rán níṣẹ́ láti òkè wá. Àbí òjìji ní í ké báyẹn? Láàárín oṣù márùn-ún tí àwo náà jáde, 200,000 ni wọ́n tà. Kàtídírà wo ló gba irú èrò bẹ́ẹ̀?

Ẹlòmíràn á tún gba ọ̀nà ẹ̀yìn yọ: "Ó dáa, ti Britten ti tó nìyẹn. Kí ni wọ́n tún ń gba òmíràn sílẹ̀ fún?" Èyí náà ò bọ́gbọ́n mu. Simon Rattle àti ọ̀kẹ́sítírà ìlú Birmingham gbà á sílẹ̀ ní 1983. Ní 1991, Heather Harper kọ ọ́ sínú àwo tirẹ̀, Richard Hickox ló darí wọn. Ní 2013, wọ́n gbé ohùn ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Coventry gan-an jáde. Ẹ gbọ́ Harper, kí ẹ gbọ́ Vishnevskaya: létí tèmi, ọ̀kan ń bẹ Ọlọ́run, èkejì ń pe Ọlọ́run lẹ́jọ́. Orin kan náà ni! Ọjọ́ Coventry tí ẹ fi ń yangàn yìí pàápàá, kí ló jẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin lè gbọ́ ọ lónìí, bí kò ṣe àwo?

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ wá nìyí. Britten kú ní 1976. Ayọ̀ Bánkọ́lé tiwa, tí òun náà kọ kàńtátà fún ẹgbẹ́ akọrin, ọdún kan náà ló kú. Ẹ lọ béèrè àwo àwọn méjèèjì. Ti Britten, ẹ ó máa ṣa èyí tó wù yín ni. Ti Bánkọ́lé ńkọ́? Kàńtátà mélòó ni ẹ óò rí rà? Àwọn tó kọ orin rẹ̀ nígbà náà ti ń darúgbó. Bí wọ́n bá gbé "orin gidi" yín lọ sọ́run, ta ni ọmọ wa yóò bi léèrè?

Ẹgbẹ́ akọrin tó ń rówó ra aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, kò lè ní òun ò rówó gbohùn sílẹ̀. Ẹ dẹ́kun fífi ẹnu tẹ́ àwo orin. Kí ìkórè tó ń bọ̀ yìí tó dé, ẹ mú ọ̀kan nínú orin àwọn àgbà wa, ẹ kọ́ ọ dáadáa, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀.