Ẹ yéé kó ìwádìí yín sínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ yín

Ẹ̀yin tá a jọ ń jìyà PhD, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Tẹ́nì kan bá béèrè pé áàpù wo ló dáa láti fi kọ nǹkan sílẹ̀ lórí fóònù, orúkọ mẹ́wàá lẹ máa ń dà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé.

Mo wà ní Ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, mò ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ìyá alátà lẹ́nu wò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Áàpù mi (ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀) ní kí n kọ́kọ́ wọlé padà kóun tó ṣí. Ìyá ń wò mí. "Ọmọ mi, ṣé bébà ti tán n'Ílùú Ọba ni?" Ojú tì mí gan-an.

Ní December 2023, Evernote ní ẹni tí ò bá sanwó, àkọsílẹ̀ 50 péré ló lè ní. Ilé onílé nìyẹn, onílé ló ń ṣòfin.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àmì ló dùn mí jù. "Ọ̀" tiwa ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Wọ́n lè fi àmì òkè kún "ọ", wọ́n sì lè fi àmì ìsàlẹ̀ kún "ò". Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Kọ̀ǹpútà lè kà á sí méjì. Mo wá "ọ̀wọ́n" nínú áàpù yẹn, ó ní kò sí, bẹ́ẹ̀ mò ń fojú ara mi rí i níbẹ̀! Ká ní fáìlì .txt ni, ìlà kóòdù díẹ̀ á sọ gbogbo rẹ̀ di oríṣi kan.

Torí náà, text editor ni mo wà fún. Markor wà lórí Android, ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Obsidian náà, mi ò bá a jà, fáìlì Markdown lásán ló ń kọ sórí fóònù. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà lọ́jà, ẹ kọ ọ́ sí Google Keep, kò kàn mí.

Lóòótọ́, tí fóònù bá sọnù, .txt náà á bá a lọ tẹ́ ẹ ò bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíì. Èmi ń ṣe tèmi lálaalẹ́ Sunday.

Kẹ́ ẹ tó bú mi, ẹ ṣí áàpù yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Export" sí, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tó jáde fún mi.