Ìbéèrè Mẹ́wàá Àkọ́kọ́ Kọ́ Ló Ń Pín Máàkì GMAT

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún GMAT, ìyẹn ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ okòwò ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ mìíràn fi ń yan àwọn tí wọn yóò gbà fún oyè MBA. Wọ́n gbà pé ìbéèrè bíi mẹ́wàá tó ṣáájú nínú abala kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà fi ń pín máàkì, pé ẹni tó bá ti gba ìwọ̀nyí, kò sí ewu mọ́. Ẹnu olùkọ́ ẹ̀kọ́ àfikún ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bọ́ sí etí akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ àjọ GMAC tó ni ìdánwò náà ti sọ ọ́ ní gbangba pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe náà ní orísun. Orí bébà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò yìí láti ọdún 1954 títí di 1997, tí ó wá di ìdánwò abánimu lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ̀rọ fi ń yan ìbéèrè tó kàn, kí ó le sí i bí ó bá gbà á, kí ó sì rọ̀ bí ó bá kùnà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ kò tíì mọ akẹ́kọ̀ọ́ náà, ìdíwọ̀n tó ń ṣe nípa agbára rẹ̀ a máa lọ sókè sódò gidigidi, èyí náà ni àwọn ènìyàn rí tí wọ́n fi sọ pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ohun tí wọn kò rò ni pé ìdíwọ̀n tó ń mì bẹ́ẹ̀ kò tíì dúró, pé àwọn ìdáhùn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ẹ̀rọ yóò fi tún un ṣe, àti pé ẹni tó fi àkókò rọ́nà gòkè kọjá agbára rẹ̀ yóò bá ìbéèrè tó ju tirẹ̀ lọ pàdé ní ìgbà tí kò ní àyè láti ronú mọ́.

Abala ìṣirò ní ìbéèrè 21 fún ìṣẹ́jú 45, díẹ̀ ló sì fi ju ìṣẹ́jú méjì lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn bá lo ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni yóò kù fún mọ́kànlá yòókù, èyí tí kò tó kíkà wọn pàápàá, ká má tíì sọ ti dídáhùn. GMAT sì ń jẹ ẹni tí kò bá parí níyà: ìbéèrè tí kò dé ń fa máàkì rẹ̀ wálẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2023, àǹfààní tún wà láti padà yí ìdáhùn tó tó mẹ́ta nínú abala kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé òpin tí àkókò ṣì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ nìkan ló wà fún.

Ó ti mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gba WAEC àti JAMB kọjá lára láti fo ìbéèrè tó le, kí ó padà sí i nígbà tó bá yá. Níbí, ìbéèrè tó kàn kì í jáde títí a ó fi dáhùn èyí tó wà níwájú. Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ tó yẹ ni kí ènìyàn máa ṣe odindi abala ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó kọ́ bí a ṣe ń mú ìdáhùn kan kí a sì kúrò lórí ìbéèrè tó ti jẹ ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ó sì máa fi àwọn tó kùnà ní ìbẹ̀rẹ̀ wé àwọn tó kùnà ní ìparí. Bí ti ìparí bá pọ̀ jù nígbà gbogbo, aago ni kí ó kọ́kọ́ wò kí ó tó lọ ra ìwé ìṣirò mìíràn.