Deadhorse Kì í Ṣe Ìlú

Àwọn kan ní kíláàsì wa ní kò sóhun tó burú nínú kí wọ́n máa wa epo ní ìhà àríwá Alaska, ní Amẹ́ríkà, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Mi ò gbà. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ẹni tó bá dé Deadhorse, nítòsí Òkun Arctic, lè rò bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí epo ní Prudhoe Bay lọ́dún 1968 ni wọ́n ti ń kó òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n á wọ ọkọ̀ òfuurufú wá, wọ́n á ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á padà sílé, àwọn mìíràn á sì rọ́pò wọn. Oúnjẹ wà, ibùsùn wà, owó sì wà. Ṣùgbọ́n kò sí ilé-ìwé, kò sì sẹ́ni tó ń lọ kọ́lé tó máa dàgbà sí síbẹ̀. Oòrùn pàápàá máa ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì lọ́dọọdún! Ìlú wo ni kò lọ́mọdé, tí kò lágbà? Ibùdó iṣẹ́ ni.

Mi ò bá àwọn òṣìṣẹ́ wí o. Ẹni tó fi aya àtọmọ sílẹ̀ lọ sínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ló ń wá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, tí páìpù BP tó ti dípẹtà jò, tí epo tó lé ní 200,000 gálọ́ọ̀nù dà sórí ilẹ̀, òṣìṣẹ́ kan ló gbóòórùn rẹ̀. Àmọ́ bí àsìkò òṣìṣẹ́ bá pé, á wọkọ̀ lọ. Àwọn Iñupiat, tó ti wà ní etíkun yẹn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé epo wà níbẹ̀, ibo ni wọ́n máa wọkọ̀ lọ? Ẹja àti àgbọ̀nrín tí wọ́n ń pè ní caribou ni àwọn ará Nuiqsut ń jẹ, kànga epo Alpine kò sì ju nǹkan bí máìlì mẹ́jọ sí wọn lọ.

Ẹ lè ní ṣebí owó epo ni wọ́n fi ń kọ́ ilé-ìwé fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Àwọn fúnra wọn ló dá ìjọba ìbílẹ̀ North Slope sílẹ̀ lọ́dún 1972, kí wọ́n lè gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ epo. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo gba kóòtù lọ láti dá a dúró, wọn ò sì borí. Ẹ ò rí i? Wọ́n ń bá ẹni tí “kò sí” ṣẹjọ́!

Lọ́dún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà tún fọwọ́ sí iṣẹ́ epo Willow, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olórí ìlú Nuiqsut ta kò ó. Mo mọ̀ pé àwọn olórí mìíràn ní North Slope fẹ́ ẹ, torí owó orí. Ṣùgbọ́n Nuiqsut ló sún mọ́ ọn jù. Kí wọ́n tó gbẹ́ kànga mìíràn, ẹnu àwọn ará Nuiqsut ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.