Ẹ Jẹ́ Kí Ojú Gbogbo Wa Hàn Nínú Fíìmù Ogun

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ ọba Ẹ̀gbá kan ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú London. Adénrelé Adémọ́lá ni, ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì. Colonial Film Unit, iléeṣẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ lọ́dún 1939, ya fíìmù nípa rẹ̀, wọ́n pè é ní Nurse Ademola, wọ́n sì gbé e káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lónìí, a ò mọ ibi tí ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo wà.

Àdánù ńlá nìyẹn fún Abẹ́òkúta, fún Ifọ̀, Mowé àti Ìbafò tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà pẹ̀lú.

Ẹ wo bí Colonial Film Unit ṣe ń ṣe àwọn fíìmù rẹ̀. William Sellers, olórí iléeṣẹ́ náà, ti ṣiṣẹ́ ìlera l'Ékòó rí. Ó gbà pé ojú ará Áfíríkà kò lè bá àwòrán tó ń yára yí padà lọ, ó sì ní kí wọ́n máa yà á díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù náà kò lóhùn. Ògbufọ̀ ló ń dúró ti ọkọ̀ sinimá, tó ń ṣàlàyé fún èrò. Mr English at Home, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1940, fi ìdílé Gẹ̀ẹ́sì kan han ọmọ Áfíríkà. Gẹ̀ẹ́sì ló ń yan ẹni tí a máa rí àti ohun tí a máa gbọ́ nípa rẹ̀.

Ó dára pé wọ́n ya ọmọ Aláké. Àmọ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí àwọn aláṣẹ gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn nígbà ogun yẹn kan náà, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti gbèjà wọn, ta ni ìjọba ìgbà náà fẹ́ fi wọ́n hàn?

Ẹ wo àwọn ọmọ ogun wa tó lọ jà ní Bọ́mà nínú ogun náà pẹ̀lú. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé, fara gbọgbẹ́ ní àfonífojì Kaladan lọ́dún 1944. Ará abúlé kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló fi í pamọ́ fún àwọn ará Japan títí ó fi bọ́. Ọdún 2011 ni Al Jazeera tó gbé fíìmù rẹ̀ jáde. Ọdún 2012 ni bàbá náà kú. Díẹ̀ ló kù kí ìtàn náà bá a wọlẹ̀.

Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kọ̀wé sí Imperial War Museums àti British Film Institute, kí wọ́n bèèrè ẹ̀dà gbogbo fíìmù ogun tí ojú ọmọ ilẹ̀ yìí wà nínú rẹ̀. Kí ilé àkójọ fíìmù ìjọba àpapọ̀ ní Jọ́ọ̀sì tú àká rẹ̀ wò dáadáa, bóyá Nurse Ademola wà níbẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ àti Ọbáfẹ́mi-Owódé wá yàrá kan tí wọn yóò máa kó ìtàn ìdílé jagunjagun sí. Kí wọ́n má sì fi mọ sí ti Ẹ̀gbá nìkan: Mowé àti Ìbafò ti gba àlejò láti gbogbo ẹ̀yà, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ-ọmọ ẹni tó lọ Bọ́mà wà nínú wọn.

Ẹ̀yin tí bàbá yín àgbà jagun náà, ẹ kó fọ́tò, mẹ́dà àti ìwé iṣẹ́ ológun wọn jáde. Ẹ fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà ilé tó mọ̀ wọ́n sílẹ̀ lóṣù yìí, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín.