Eré Ṣíṣe, Eré Sísá

Orúkọ kan ṣoṣo ni èdè Yorùbá fi ń pe ohun méjì. Eré ni ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá. Eré náà ni ọkọ̀ ń sá lójú ọ̀nà márosẹ̀. Àwọn àgbà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì dàrú, nítorí wọ́n mọ ibi tí ọ̀kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Nínú géèmù ọkọ̀ wíwà tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà láti Agége títí dé Ògbà, eré méjèèjì ti di ọ̀kan.

Irú géèmù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1976, èyí tí wọ́n pè ní Death Race dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí pé fífi ọkọ̀ tẹ ẹ̀dá tó jọ ènìyàn ni ó ń mú máàkì wá fún ẹni tó ń ṣe é. Need for Speed jáde ní 1994, Grand Theft Auto sì tẹ̀lé e ní 1997. Bí ọkọ̀ bá forí sọ ògiri nínú wọn, títẹ bọ́tìnnì ni ó kù, eré tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ojú ọ̀nà kò ní bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan gbiná ní Afárá Ọ̀tẹ́dọlá, nítòsí Berger. Ó kéré tán, ènìyàn 9 kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 sì jóná. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, ọdún 2021, ọkọ̀ àjàgbé kan ya lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ ní Òjódù, ó sì pa nínú wọn. Aṣọ ilé-ìwé ni wọ́n wọ̀ jáde láàárọ̀. Wọn kò padà wọlé.

Síbẹ̀, ẹni tó bá di gbogbo ẹ̀bi ru géèmù kò ṣe òdodo. Bíréèkì ni àwọn aláṣẹ sọ pé ó kọ̀ lórí Afárá Ọ̀tẹ́dọlá. Kì í ṣe ọmọdé tó ń tẹ fóònù ló bà á jẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ìkẹjà àti Ògbà kò lè ṣe láìsí ọkọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ọmọ ilé-ìwé ń gbà. Ẹni tó mọ iye ẹrù tí àjàgbé rẹ̀ gbé gbọ́dọ̀ mọ bí bíréèkì rẹ̀ ti rí.

Ẹ̀bi géèmù ni pé ó ń fi ìwúwo eré pamọ́. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń gba nǹkan bí mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí eré náà bá di ìlọ́po méjì, agbára ìkọlù á di ìlọ́po mẹ́rin. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni ìjàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dún, òun ló sì ń pa àwọn ọmọ ọdún 5 sí 29 jùlọ.

Gbígba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kò lè kọ́ ọ ní èyí. Kí olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí ohun tí géèmù kò fi hàn: ta ni yóò sọ fún ìyá, ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn, ta ni yóò jókòó sórí àga tó ṣófo nínú kíláàsì? Wọlé Ṣóyínká gbé ikú ojú ọ̀nà sínú eré oníṣe, The Road, ní 1965. Ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Eré tó fi ikú hàn bí ó ti rí lè gba ẹ̀mí là.

Eré là ń fi ọmọ ayò ṣe. Bí ọ̀tá bá kó wọn tán, wọn a tún padà sínú ọpọ́n. Ọmọ ènìyàn kì í ṣe ọmọ ayò.