Ìrì Oòrùn Kọ́: Ẹ Gbìn Ín Ná Kí Ẹ Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè gbé mì. Ewéko kan ń bẹ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Drosera, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè ní sundew. Irú rẹ̀ tí ó wà láyé tó igba. Kòkòrò ni ó ń mú jẹ. Nígbà tí mo ń bèèrè orúkọ rẹ̀ ní èdè wa, "ìrì oòrùn" ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń dá mi lóhùn, pẹ̀lú ẹ̀rín ẹni tí ó ti parí iṣẹ́. Mo ní iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kí ni wọ́n ṣe? Sun ni oòrùn, dew ni ìrì, wọ́n so méjèèjì pọ̀, ó bùṣe. Ojú ẹlòmíràn ni wọ́n yá fi wo nǹkan. Àwọn ará Yúróòpù rí i pé ohun tí ó ń dán lára ewéko yìí kì í gbẹ bí oòrùn bá mú, ó yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì fi ìyanu wọn sọ ọ́ lórúkọ. Ó tọ́ sí wọn, nítorí pé wọ́n wò ó. Àwa tí a túmọ̀ rẹ̀ kò wo nǹkan kan. Bí Yorùbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá gbọ́ "ìrì oòrùn," ọ̀rọ̀ méjì tí ń bá ara wọn jà ni yóò gbọ́, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwa, ìrì kì í dúró de oòrùn.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé. Ẹni tí ó sọ patanmọ́ lórúkọ ti fọwọ́ kàn án, ó ti rí bí ó ṣe pa itan dé, kí ó tó la ẹnu. Ẹni tí ó pe dágunró ní dágunró ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ olóko sì ti lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tí ó fún un lórúkọ. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó di babaláwo ní Kétu ní ọdún 1953, tí a sì ń pè ní Fátúmbí, ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ níbí ní àwọn ọdún 1970. Nínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Ewé, tí ó jáde ní ọdún 1995, ó fi hàn wá bí ọ̀rọ̀-ìṣe inú orúkọ ewé ṣe máa ń bá ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ rẹ̀ mu. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe wo ni ó wà nínú ìrì oòrùn?

Èmi ń gbìn ín ní Ìrẹmọ, ní Ilé-Ifẹ̀ yìí. Drosera indica ni tèmi, èyí tí ó ń hù ní Áfíríkà títí dé Éṣíà, tí ooru kì í bà lẹ́rù. Láti inú irúgbìn ni mo ti gbìn ín, irúgbìn tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi pe áásà. A kì í bò ó mọ́lẹ̀. Orí ilẹ̀ ni a ń wọ́n ọn sí. Yanrìn tí a fọ̀ dáadáa àti irun èèpo àgbọn ni ilẹ̀ rẹ̀, a sì ní láti fọ irun àgbọn náà léraléra títí iyọ̀ yóò fi tán lára rẹ̀. Omi kànga kò bá a lára mu, nítorí iyọ̀ ilẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ yóò máa ṣẹ́ jọ sínú ìkòkò títí yóò fi pa á. Omi òjò ni mo ń gbè láti orí páànù, lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fọ eruku dànù. Ìkòkò náà ń jókòó nínú abọ́ omi tí kò jìn, ní ibi tí oòrùn ti ń tàn sí i gan-an.

Ìyá àgbàlagbà kan ní agboolé wa wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, ebi ń pa nǹkan yìí. Bu ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ sí i." Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ adìẹ yóò pa á ni." Ibi tí ilẹ̀ ti ṣá, tí omi ti fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ, ni ewéko yìí ti wá, ara kòkòrò ni ó ti ń rí náítírójìn tí ilẹ̀ kò fún un. Gbòǹgbò rẹ̀ kò lè gba ajílẹ̀. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni kantíkantí kan bà lé ewé náà. Ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbé. Ó jà, ó túbọ̀ lẹ̀. Màmá pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Yéè! Àtè ni ewé yìí ń dẹ!"

Ẹ gbọ́ o. Màmá kò ka ìwé kankan. Wọ́n rí oje tí ń fà lórí irun ewé náà, wọ́n rántí oje igi tí a fi ń mú ẹyẹ, ọ̀rọ̀ sì parí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní dàtè. (Bí ẹ bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, àwọn tí ń yára ka Gẹ̀ẹ́sì yóò rò pé ọjọ́ inú oṣù ni. Ẹ̀bi dàtè kọ́ nìyẹn.) Bí ẹnì kan bá rí èyí tí ó dára jù, n kò ní bá a jà, bí ó bá ṣá ti gbìn ín.

Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ sọ fún mi pé wíwò pẹ́ jù. Charles Darwin bẹ̀rẹ̀ sí í wo irú rẹ̀ kan ní ọdún 1860. Ọdún 1875 ni ó tó gbé ìwé jáde lórí àwọn ewéko tí ń jẹ kòkòrò. Ọdún 15! Ó rí i pé bí omi bá kán sí àwọn irun náà, wọn kì í tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹyọ ẹran kékeré ni, wọn a tẹ̀ bò ó. Ewé tí ó mọ òjò yàtọ̀ sí oúnjẹ! Àwọn tí ń pè é ní ewé àjẹ́ kò tíì ronú débẹ̀, n kò sì ní fi àkókò ṣòfò lórí wọn.

Àwọn tí mo ń bẹ̀rù jù ni àwọn tí yóò béèrè pé, "Níbo ni a ti lè fà á tu?" Ní Yúróòpù, wọ́n fi dàtè ṣe oògùn ikọ́ títí ó fi ṣọ̀wọ́n débi tí òfin fi ń dáàbò bò ó ní Jámánì. Kí ni àwọn oníṣòwò ṣe? Wọ́n yíjú sí Madagáskà, wọ́n ń kó tibẹ̀. Drosera regia ti ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, èyí tí ó tóbi, àfonífojì kan ṣoṣo ni ó ti ń dá hù. Ẹ fojú inú wo ohun tí ọkọ́ ẹnì kan lè ṣe níbẹ̀ láàárín ọ̀sán kan. Gbòǹgbò tèmi yìí pàápàá tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fà á tu kò ní gbé ohun kan délé ju òkú lọ. Irúgbìn ni kí ẹ wá.

Ọyẹ́ yóò dé láìpẹ́, àtè rẹ̀ yóò máa gbẹ. Ẹ̀mí irú èyí kì í sì í pẹ́ ju ọdún kan lọ. Èso rẹ̀ ti ń là, mo ti tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀ kí irúgbìn má baà ṣòfò. Nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, n óo wọ́n ọn sí ìkòkò tuntun. Ẹni tí ó bá gbin tirẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tí ó sì tún fẹ́ pè é ní ìrì oòrùn, kí ó wá bá mi ní Ìrẹmọ ká jọ jiyàn rẹ̀.