Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury: oyè tí ó tóbi, àṣẹ tí ó kéré

Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé Sarah Mullally, Bíṣọ́ọ̀bù ìlú London, ni yóò di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury. Òun ni ẹni 106 tí a yàn sí ipò náà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ó ti di olórí àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ náà ní ọdún 1999 kí ó tó di àlùfáà. Kí oṣù kẹwàá náà tó parí, Ìjọ Áńgílíkà ti Nàìjíríà ti sọ pé àwọn kò gba yíyàn yìí wọlé.

Kí ni oyè yìí? Kí ló dé tí ó fi ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ títí dé ilẹ̀ Áfíríkà?

Ìpìlẹ̀ oyè náà

Póòpù Gregory ti Róòmù ni ó rán mọ́ńkì kan tí ń jẹ́ Augustine lọ wàásù fún àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gúnlẹ̀ ní ọdún 597. Ayaba Bertha ti jẹ́ Kristẹni tẹ́lẹ̀, ọba, ọkọ rẹ̀, sì fún àlejò náà láàyè ní ìlú Canterbury. Augustine ni ó kọ́kọ́ jẹ oyè náà. Fún nǹkan bí 900 ọdún, abẹ́ Róòmù ni àwọn tí ó jẹ ẹ́ wà. Ní ọdún 1534, Ọba Henry Kẹjọ já ìjọ ilẹ̀ rẹ̀ kúrò lábẹ́ Póòpù. Láti ìgbà náà, ọba ni ó ń fọwọ́ sí ẹni tí yóò jẹ oyè yìí. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà náà ni ó sì sábà máa ń dé ọba ládé. Bẹ́ẹ̀ ni Justin Welby ṣe dé Ọba Charles Kẹta ládé ní oṣù karùn-ún ọdún 2023.

Okùn tí ó dé ilẹ̀ Yorùbá

Inú ilé ìjọsìn ńlá Canterbury ni a ti fi Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 1864. Wọ́n ti tà á lẹ́rú ní kékeré kí a tó gbà á sílẹ̀ lórí omi. Nígbà tí ó darúgbó, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2014, 150 ọdún lẹ́yìn ìfijoyè náà, Welby tọrọ àforíjì ní Canterbury nítorí ìwà tí ìjọ hù sí i.

Kì í ṣe Póòpù

Póòpù ni ó ń yan bíṣọ́ọ̀bù fún àwọn Àgùdà ní Àjàṣẹ́ àti níbi gbogbo. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ti Nàìjíríà ti dá dúró láti ọdún 1979. Ó lè pè wọ́n sí ìpàdé ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1867, ó lè gbà wọ́n nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ fún wọn. Ọ̀wọ̀ ni agbára rẹ̀.

Ọ̀wọ̀ yìí ni ó ń dínkù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba obìnrin sí ipò bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 2015. Ní ọdún 2023, wọ́n fún àlùfáà láyè láti gbàdúrà ìbùkún fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tí ń gbé pọ̀ bíi tọkọtaya. Ẹgbẹ́ Gafcon, tí a dá sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ní ọdún 2008, kọ èyí. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, alága ẹgbẹ́ náà, Laurent Mbanda ti Rùwáńdà, kéde pé àwọn kò ka Canterbury sí olórí mọ́.

Síbẹ̀, Áfíríkà kò sọ̀rọ̀ ní ohùn kan. Thabo Makgoba, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ní Gúúsù Áfíríkà, fi ayọ̀ kí Mullally. Ìjọ tirẹ̀ ti ní obìnrin bíṣọ́ọ̀bù láti ọdún 2012.

Ẹrù méjì

Ẹrù àkọ́kọ́ ni ti àwọn ọmọdé. Ìwádìí kan fi hàn ní ọdún 2024 pé agbẹjọ́rò kan tí ń bá àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni ṣiṣẹ́ lu ọmọkùnrin tí ó lé ní 100 ní ìlùkulù, àti pé àwọn olórí ìjọ tí wọ́n gbọ́ ní ọdún 2013 kò ṣe tó bí ó ti yẹ. Nítorí èyí ni Welby ṣe fi ipò sílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹrù kejì ni ti ìṣọ̀kan. Nínú àwọn 17 tí ó dìbò yan Mullally, 5 wá láti òkèèrè. Ẹyọ kan ṣoṣo ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ni púpọ̀ nínú àwọn Áńgílíkà ń gbé. Bí ọ̀pọ̀ bá wà níhìn-ín, tí ìpinnu sì ń ti ọ̀hún wá, ìbínú kò ní tètè rọ̀. Orúkọ oyè náà yóò wà. Bóyá àwọn ìjọ yòókù yóò máa dáhùn nígbà tí ó bá pè, èyí ni ọwọ́ obìnrin yìí yóò fi hàn.